Ẹranko Oníwo Tó Wà Nílé Àna Mi

Àwọn àgbà ní àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi rìn jìnnà nígbà ọyẹ́ tó kọjá. Mo fi Ìlá sílẹ̀, mo dé òkè téńté orílẹ̀-èdè Nọ́wè, níbi tí ilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, tó ku omi. N kò rí ọ̀kẹ́rẹ́ kankan. Ẹranko kan ni mo rí, inú àwòrán ló sì wà, lára ògiri. Ẹranko náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ìgbéyàwó ọmọ mi ká. Láti ìgbà tí mo ti dé ni ẹ ti ń bi mí léèrè òtútù, bí ẹni pé òtútù nìkan ni mo lọ wò. Ẹ jẹ́ kí n ro ohun tí mo lọ ṣe gan-an fún yín.

Aránṣọ ni mí. Ẹni tó bá ń gba ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí wa lọ sí ọjà yóò ti gbọ́ ariwo ẹ̀rọ mi rí. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fi ta mí lọ́rẹ kó tó pe bàbá rẹ̀. Mùfútáù lorúkọ rẹ̀, Múfú ni mo ń pè é. Ó lọ kọ́ nípa ẹja inú òkun lọ́hùn-ún, ó sì jókòó síbẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó pè mí lórí fóònù pé òun ti rí ẹni tí òun fẹ́ fẹ́, pé Íngà lorúkọ rẹ̀, pé bàbá nìkan ló kù fún un. Aṣọ tí mò ń rán lọ́wọ́, mo gbé e sílẹ̀.

Bàbá Gàní, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tó jẹ́ olórí ẹbí wa, pe ìpàdé. Ẹ mọ̀ bí a ti ń ṣe é nílé wa. Ọmọ kì í kàn sọ pé òun ti rí ìyàwó, kí á wá bẹ̀rẹ̀ sí í jó. A ó rán ènìyàn lọ sí àdúgbò wọn, yóò ṣe bí ẹni tó ń kọjá lọ, yóò wádìí: ṣé wọn kì í jà nílé yẹn, ṣé àrùn kan ò sí nínú ẹbí wọn, báwo ni ìyá ọmọ náà ti ṣe sí ọkọ tirẹ̀? Nígbà tí a fẹ́ fẹ́ ìyàwó Gàní ní Ìgbájọ, èmi ni wọ́n rán. Mo jókòó sídìí obìnrin tó ń ta ẹ̀kọ ní ìta wọn, kí n sì tó jẹ ẹ̀kọ mi tán, mo ti mọ ìtàn wọn dé orí baba ńlá.

"Ìyá Múfú," Bàbá Gàní wí, "ìwọ náà la ó tún rán. Ohun tí ojú rẹ bá rí lọ́hùn-ún la ó tẹ̀ lé. Bí o bá ní kó má fẹ́ ẹ, kò ní fẹ́ ẹ."

Múfú fúnra rẹ̀ gbà. Ó ní, "Màámi, ẹ wá wò wọ́n. Bí ẹ bá ní rárá, wàláhì, mo gbà." Ọmọ tó ti tó ilé gbé, tó tún ń sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún ìyá rẹ̀, ẹrù ńlá ló gbé kà á lórí.

Ilẹ̀ tí kì í mọ́

Funfun ni gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀, funfun ni orí ilé, igi pàápàá wọ funfun. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ibẹ̀ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Ní Ìlá, kí n tó gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù mi tán láàárọ̀, n óò ti dáhùn ẹ kú àárọ̀ títí ẹnu á fi máa ro mí. Ọlọ́kadà á tẹ fèrè, ìyá ẹlẹ́kọ á béèrè àlàáfíà ọmọ mi, alájọ á béèrè ìgbà tí mo máa rán aṣọ rẹ̀ tán. Lọ́hùn-ún, ẹsẹ̀ ara mi nìkan ni mò ń gbọ́ lórí yìnyín.

Ilé bàbá Íngà la dé sí, gbogbo wa, nítorí yàrá tí Múfú ń gbé nígboro kò gbà ju òun àti ìwé rẹ̀ lọ. Bàbá náà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ga, ó rù, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun bí ilẹ̀ tó dúró lé. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo ní, "Ẹ kú ilé o, bàbá. Ẹ kú òtútù. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ wa. Ẹ kú àánú." Ó mi orí. Gbogbo ìkíni tí mo dì láti ilé, mímì orí kan ṣoṣo ló fi dá mi lóhùn.

Ṣùgbọ́n bí mo ti bọ́ bàtà, mo rí i tó yọ ìbọ̀sẹ̀ onírun kan lórí ààrò irin, níbi tó ti ń gbóná, ó tẹ́ ẹ síwájú ẹsẹ̀ mi, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Íngà dì mọ́ mi, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Màámi." Múfú ló kọ́ ọ. Ohùn rẹ̀ ń lọ sókè níbi tó yẹ kó ti wálẹ̀, síbẹ̀ inú mi dùn sí i.

Lọ́jọ́ kejì, mo kírun Àsùbáà tán, mo jókòó, mo ń retí kí ilẹ̀ mọ́. Ó di ọ̀sán, ojú ọ̀run ṣì dà bí ìgbà tí àkùkọ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Múfú ní ní àsìkò yẹn nínú ọdún, oòrùn kì í yọ níbẹ̀ rárá, pé aago ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ọ̀sán ti pọ́n. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ibi tí oòrùn fúnra rẹ̀ kò lè gbé lo ti lọ wá ìyàwó?" Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín bàbá rẹ̀ gan-an ni, ọdún mélòó ni n kò ti rí i.

Mo mú Múfú dání, mo jáde láti lọ ṣe ìwádìí mi. Ilé tó wà nítòsí jìnnà. Mo pàdé obìnrin kan lọ́nà pẹ̀lú ajá rẹ̀, mo fẹ́ yà sọ́dọ̀ rẹ̀, ó gbọ́wọ́ sókè kí mi, ó kọjá. Ọkùnrin kan ń kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Múfú bá mi bi í bóyá ó mọ bàbá Íngà. Ó ní òun mọ̀ ọ́n. Ó ní èèyàn dáadáa ni. Ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ padà.

"Kó tán bẹ́ẹ̀?" mo bi Múfú.

"Màámi, wọn kì í sọ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ níbí."

"Wọn kì í sọ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀? Kí ni wọ́n wá ń fi ẹnu ṣe?"

Ẹranko ara ògiri

Àwòrán kan ló wà ní pálọ̀ bàbá náà, láàárín fèrèsé méjì, kò sí òmíràn. Òun ló ṣe é. Wọ́n ní ara pákó ló máa ń fín nǹkan sí, á fi ọ̀dà dúdú kùn ún, á wá tẹ pépà mọ́ ọn. Ẹranko ni. Ó jọ àgbọ̀nrín, ṣùgbọ́n ó ki jù ú lọ, ìwo rẹ̀ sì pẹ̀ka sókè bí igi tó ti wọ́wé. Ìlà díẹ̀ ni bàbá náà fà: ẹ̀yìn, ọrùn, ìwo, ẹsẹ̀ tó rì sínú yìnyín dé orúnkún. Ikùn rẹ̀, pépà lásán ni, funfun kan náà pẹ̀lú ilẹ̀, tí a kò fi mọ ibi tí ẹranko parí sí tí òtútù ti bẹ̀rẹ̀. Kò lójú. Ó yí ọrùn padà sẹ́yìn. Níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, ihò kan wà nínú yìnyín, ó dúdú kirikiri. Igi kan ò sí níbẹ̀, ẹranko mìíràn ò sí, ẹyẹ ò sí.

Èmi tí mò ń gé aṣọ, mo mọ ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n gé, mo sì gbà fún un. Ṣùgbọ́n àwòrán náà kò bá mi lára mu. Nínú agbolé tí wọ́n bí mi sí, ilẹ̀kùn gbígbẹ́ kan wà nílé àwọn àgbà. Ibẹ̀ ni àwa ọmọdé máa ń sá sí bí òjò bá ń rọ̀. Nǹkan kún ara rẹ̀ bámúbámú. Ejò ń gbé ẹja mì, ọdẹ ń lé ẹtu, ẹyẹ bà sórí ẹlẹ́ṣin, obìnrin pọn ọmọ ó tún gbé igbá. Kò sẹ́ni tó dá dúró lára ilẹ̀kùn yẹn. A ó máa fi ìka tọ́ wọn, a ó máa jà sí ẹni tó jẹ́ ìyá ta ni. Wọ́n ti fi ilẹ̀kùn irin rọ́pò rẹ̀ báyìí, n kò sì mọ ibi tí wọ́n gbé e gbà. Ọjọ́ pẹ́ tí n kò ti rántí rẹ̀, àfi lọ́jọ́ tí mo dúró níwájú ògiri onílé yẹn, tí àárò rẹ̀ sọ mí.

Nítorí náà, mo ka àwòrán náà bí mo ti mọ̀ ọ́n kà. Ó ní ìwo, akọ nìyẹn. Ó dá wà, a jẹ́ pé kò lẹ́bí. Ihò tó wà níwájú rẹ̀, sàréè ni. Ó ń wo ẹ̀yìn nítorí kò rí ibi tó ń lọ. Ẹni tó jókòó fín irú èyí, tó tún gbé e kọ́ síbi tí àlejò ń jókòó sí, kí ló ń sọ fún àlejò?

Bàbá Gàní pè. Mo ní, "Bàbá, ilé wọ́n mọ́, wọn ò sì ṣe mí níkà. Ṣùgbọ́n wọn ò léèyàn."

Ó ní, "Ìdílé tí kò léèyàn, bí ọmọ bá dé, ta ni yóò bá wọn pọ̀n ọ́n? Ṣé kí n sọ fún àwọn ará ilé pé kò bọ́ sí i?"

Mo ní kó ṣe sùúrù fún mi díẹ̀ sí i. "Rárá" ti wà lẹ́nu mi, ó ku kí n là á.

Ìborùn

Ohun mìíràn tún wà. Ògiri tí ẹranko náà wà gan-an ni kíbúlà, ibi tí mo gbọ́dọ̀ kọjú sí kírun. Bí mo bá tẹ́ ẹní ìkírun mi, àwa méjèèjì la jọ ń kojú ara wa, èmi lórí ẹní, òun nínú yìnyín. Ẹ̀yin mùsùlùmí mọ̀ pé a kì í gbé àwòrán ohun ẹlẹ́mìí síwájú kírun. N kò lè sọ fún onílé pé kó wó ògiri rẹ̀. Mo bọ́ ìborùn mi, mo fi bo ẹranko náà láti ìwo dé ẹsẹ̀, mo kírun, mo sì ṣí i padà. Bí mo ti ń ṣe nìyẹn ní gbogbo ìgbà ìrun.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bí mo ti sálámà tán tí mo bojú wẹ̀yìn, bàbá Íngà ló dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú igi ìdáná lápá. Ó wo ìborùn, ó wo èmi. Ojú tì mí. Ó rọra gbé igi rẹ̀ sílẹ̀, ó jáde.

Nígbà tí mo jí láti kírun lọ́jọ́ kejì, ẹranko ò sí níbẹ̀ mọ́. Ìṣó nìkan ló kù, àti ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀, tó mọ́ ju ìyókù ògiri lọ. Ó ti gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná, níbi tí ẹ̀wù òtútù ti ń bò ó ní ààbọ̀. Mo ní kí Múfú bá mi bẹ̀ ẹ́, bóyá inú ló bí i. Múfú ní kí n fi í sílẹ̀, pé bí inú bá bí wọn níbẹ̀, wọ́n á sọ. Mo ní ìgbà wo ni wọ́n ń sọ nǹkan?

Pánlá

Àwọn ará ibẹ̀ a máa jẹ ẹran ẹranko oníwo yẹn. Bàbá náà sè é fún mi nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, n kò jẹ ẹ́, torí wọn ò fi Bísímílà pa á. Ọ̀dùnkún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo jẹ. Kò bi mí ní ìdí. Láti ọjọ́ kejì, ẹja ló ń sè. Ẹja bíbọ̀, ẹja díndín, ẹja tí kò lórúkọ, gbogbo rẹ̀ láìsí ata, ó ń tẹ́ bí ẹnu aláìsàn. Mo ń jẹ, mo ń dúpẹ́, mo ń rántí ata rodo ilé mi.

Lọ́jọ́ tó mú mi wọ inú àká rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé, mo pariwo. Pánlá! Ó so rọ̀ láti àjà, gbígbẹ, líle bí igi, irú èyí tí a máa ń fi òòlù fọ́ nílé. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń ra pánlá lọ́jà Ìlá, n kò bi ara mi léèrè rí ibi tó ti ń wá. Mo di ọ̀kan mú bí ẹni rí ará ilé rẹ̀ lẹ́yìn odi. Bàbá Íngà wò mí, ó já méjì, ó kó wọn lé mi lọ́wọ́.

Mo rẹ pánlá náà sómi, lọ́jọ́ tó rọ̀ dáadáa ni mo wọ ilé ìdáná wọn. Mo ti gbé ẹ̀gúsí, irú àti ata gbígbẹ wá nínú ẹrù mi. Bí irú ti kan epo, bàbá náà dìde, ó ṣí fèrèsé. Òtútù wọlé, ó tún tì í. Nígbà tí oúnjẹ délẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ pọ́n, imú rẹ̀ ń ṣomi, ó nu ún, ó sì tún bu òmíràn. Mo rí i pé ibi tí ọ̀rọ̀ lè gbà wọlé ti ṣí.

"Múfú, bá mi bi wọ́n. Kí ló dé tí wọ́n fi akọ ẹranko sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè?"

"Màámi, sàréè wo?"

"Bi wọ́n bí mo ti sọ."

Ó bi í. Bàbá Íngà gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà bá mi lójijì, n kò mọ̀ pé ó ní i. Ó ní abo ni, kì í ṣe akọ. Ó ní akọ irú ẹranko yẹn máa ń ju ìwo rẹ̀ nù kí òtútù tó mú dáadáa. Abo ló ń ru tirẹ̀ la òtútù já, pàápàá èyí tó bá lóyún. Ihò yẹn kì í sì í ṣe sàréè. Ihò oúnjẹ ni. Koríko kan wà tó lẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ yìnyín. Ẹranko náà á fi pátákò wa yìnyín títí á fi kàn án, á fi ìwo rẹ̀ lé ẹni tó bá fẹ́ gbà á, á wá wẹ̀yìn wò bóyá ọmọ òun ń bọ̀ wá jẹun.

A rò pé ó ti parí. Ó tún sọ gbólóhùn kan sí i, ojú rẹ̀ wà nínú àwo. Íngà dẹ́kun jíjẹ.

"Kí ló wí?" mo bi Múfú.

Múfú yíjú sí mi. Ó ní, "Ó ní ìyàwó òun ni."

Apẹja ni bàbá náà nígbà tó ṣì lágbára, ó máa ń pẹ́ lórí omi. Ó ní nígbàkígbà tí òun bá ń bọ̀, láti òkèèrè lòun ti máa ń rí obìnrin náà lójú fèrèsé, oúnjẹ á ti wà lórí iná, á máa wo ọ̀nà tí Íngà ń gbà bọ̀ láti ilé-ìwé. Ilé-ìwé girama ni Íngà wà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ìgbà òtútù ọdún yẹn ni bàbá náà fín ẹranko yìí. Íngà ní òun ti ń kọjá níwájú àwòrán náà láti ìgbà náà, pé òun rò pé ẹranko lásán ni. Òun ò bi bàbá òun rí, bàbá náà ò sì sọ. Mo rí i pé wọn kì í sọ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ lóòótọ́, títí kan tara wọn.

Ìyàwó rẹ̀ ni mo ń fi ìborùn bò. Ìyàwó rẹ̀ ni bàbá náà fọwọ́ ara rẹ̀ yọ kúrò lára ògiri, kí àlejò lè rí ibi kírun. Láti ìgbà tí Múfú ti lọ, bí Iléyá bá dé, mo máa ń yọ ìpín ẹran tirẹ̀ sọ́tọ̀, n óò sì máa wo ọ̀nà gáréèjì bí ẹni tí kò mọ̀ pé ọmọ wà lókè òkun. N kò fi ojú pamọ́. Mo sunkún níbi oúnjẹ yẹn. Àlejò lójú, kò fi í ríran.

Títọrọ

Lọ́jọ́ kejì, mo pe Bàbá Gàní. Mo ní, "Bàbá, mo ti wádìí tán. Èèyàn gidi ni wọ́n. Ẹ jẹ́ kó fẹ́ ẹ."

Ó ní, "Àlùhàmdúlílàhì. Ta ló wá bá bàbá ọmọ sọ̀rọ̀?"

"Lórí kí ni?"

"Ìyá Múfú! Ṣé o ti tọrọ ọmọ lọ́wọ́ wọn, àbí ẹ kàn fẹ́ kó ọmọ ọlọ́mọ lọ ni?"

Láti ìgbà tí mo ti dé ni mo ti ń ṣe bí adájọ́. Mo ń yẹ ilé wò, mo ń yẹ ògiri wò, bí ẹni pé àwọn ni wọ́n ń bẹ̀ mí. Nílé wa, ta ló ń bẹ ta? Ẹbí ọkọ kọ́ ló ń dọ̀bálẹ̀? Mo pe Íngà àti Múfú, mo bi wọ́n bóyá ẹnikẹ́ni ti bá bàbá sọ̀rọ̀. Íngà ní òun ti sọ fún un. Ó ní níbẹ̀, wọn kì í tọrọ ọmọ lọ́wọ́ bàbá mọ́, ẹni tó bá fẹ́ lọ á lọ. Mo ní, "Ọmọ mi, sísọ kọ́ ni títọrọ."

Mo wọ òfì mi. Mo ní kí Múfú dé fìlà. Bàbá náà jókòó ní ilé ìdáná, ó ń bó ọ̀dùnkún. Múfú dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Bàbá náà fò dìde, ó rò pé ọmọ ṣubú, ó ń fa apá rẹ̀ kó lè gbé e. Íngà ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó. Èmi kúnlẹ̀.

"Bàbá Íngà," mo wí, "òdòdó kan la rí nínú ọgbà yín. Ó wù wá. A ò fẹ́ já a láìbi yín. Èmi opó, èmi aránṣọ, ẹbí ọkọ mi ní Ìlá ló rán mi, pé kí n kúnlẹ̀ bẹ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa lọ́mọ yín."

Múfú ń túmọ̀ rẹ̀ láti ilẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan ilẹ̀, nítorí mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má ṣe dìde àfi bí wọ́n bá ní kó dìde. Nígbà tó sọ ọ́ tán, bàbá náà dúró, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé ó máa kọ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó di tábìlì mú, ó tẹ eékún kan balẹ̀, ó tẹ ìkejì, ó kúnlẹ̀ síwájú mi. Ó rò pé bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn. Ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Íngà bo ojú rẹ̀.

"Múfú, kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní," ohùn ọmọ mi náà ti yí padà, "wọ́n ní àwọn rò pé ọmọ àwọn ti lọ nìyẹn. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó bi àwọn. Wọ́n ní ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Wọ́n ní àwọn fún wa."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. A wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, àgbàlagbà méjì, orúnkún ń dùn wá, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ dìde.